Bí Mo Ṣe Di Ògbóǹtarìgì Kọ̀m̀pútà ní Ìjerò

Ọjọ́ Ẹtì kan wà láyé mi tí ọkàn mi kọ̀ láti jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ti fẹ̀yìn tì, àwọn kan sì ti sùn nínú Olúwa, tó fi jẹ́ pé ó yẹ kí n lè fọkàn balẹ̀ pé kò sí ẹlẹ́rìí mọ́. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni ẹlẹ́rìí tí mo ń sá fún. Mo lè máa fọ abọ́, mo lè jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ìwàásù máa lọ, ọjọ́ náà á kàn yọjú, màá sì máa mi orí bí ẹni tí kòkòrò kó sí létí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, bóyá ó máa fi mí sílẹ̀.

Nígbà yẹn, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àwa ará Èkìtì ṣì wà. Àkúrẹ́ ni gbogbo àṣẹ ti ń wá: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga, àti èyí tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù jù, lẹ́tà tiránsífà. Taipíìsì ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìjerò. N kò ní dárúkọ ilé ìwé náà. Ìyà tí mo fi jẹ ẹ́ ti tó.

Àwa méjì là ń tẹ̀wé níbẹ̀. Ìyá Dúpẹ́ ni ọ̀gá mi. Ó ti ń tẹ̀wé kí wọ́n tó bí mi, taipúráítà rẹ̀ sì dúdú, ó wúwo bí ọlọ. Tó bá ń tẹ̀wé, kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó lè máa bá ọ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀fọ́ tó fẹ́ rà lọ́jà, kí ìka rẹ̀ máa sáré lọ ní tirẹ̀, kó má sì ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ní tèmi, oje funfun tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ ni mo máa ń kùn sórí bébà, títí bébà á fi dà bí ògiri ilé ìyàwó tuntun. Ìyá Dúpẹ́ kò fìgbà kan bínú. "Tún un tẹ̀, ọmọ mi," lá á wí, á sì bu ẹ̀pà síwájú mi.

Lọ́jọ́ kan, púrínsípà wa pè wá sínú ọ́fíìsì. Ọkùnrin gíga ni, díákónì ni, ó sì fẹ́ràn ayẹyẹ ju oúnjẹ lọ. Ó ní ọmọ ilé ìwé wa àtijọ́ kan tó ti rọ́wọ́ mú l'Ékòó fẹ́ fún wa ní kọ̀m̀pútà. Inú wa dùn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n àwọn ará Àkúrẹ́ ti sọ pé ilé ìwé tó bá ní kọ̀m̀pútà kò nílò taipíìsì méjì mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò ló máa kù síbí. Ẹnì kejì á gba tiránsífà. Kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ méjì wà l'Ákùúrẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni mo sì lè rán lọ."

Mo wo Ìyá Dúpẹ́. Ó ku ọdún mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ilé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ wà lẹ́yìn ọjà, ọkọ rẹ̀ kò sì lè rìn dáadáa mọ́. Èmi náà rèé, ìgbéyàwó mi kò tíì pé ọdún kan, ọkọ mi ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú, oyún oṣù mẹ́ta sì wà lára mi. Kò sí èyí tó wù láti lọ nínú àwa méjèèjì. Kí n tó mọ ohun tí màá sọ, Ìyá Dúpẹ́ ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ rán ọmọ mi lọ, sà. Ojú tirẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ."

Báyìí ni mo ṣe dé Àkúrẹ́. Ká sọ òótọ́, a tó ogójì nínú kíláàsì, kọ̀m̀pútà mẹ́ta ló sì wà. Oyún kì í jẹ́ kí ara mi yá láàárọ̀, nítorí náà mo máa ń pẹ́ dé lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ni mo sì ń jókòó sí. Kí n tó wọlé, olùkọ́ ti tan àwọn ẹ̀rọ náà, lẹ́tà aláwọ̀ ewé á ti máa tàn lójú wọn. Orí àwọn tó wà níwájú mi ni mo rí jù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kàn mí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: lẹ́ẹ̀kan mo tẹ orúkọ mi, lẹ́ẹ̀kejì mo tẹ "Jésù ni Olúwa." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, iná lọ, kò dé fún ọjọ́ mẹ́rin. Olùkọ́ wá ya kọ̀m̀pútà sójú pátákó, ó ń fi pàṣán tọ́ka sí i bí ẹni tó ń kọ́ni ní ìtàn àwọn ọba. Mo ya á sínú ìwé mi, mo sì fi bírò aláwọ̀ mẹ́ta kùn ún. Ó dára gan-an ni.

Wọ́n fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Gbogbo ọjọ́ tí mo lò níbẹ̀, n kò fojú kan ọwọ́ ẹni tó tan kọ̀m̀pútà, n kò sì rí ọwọ́ ẹni tó pa á. Ó wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan láti béèrè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dìde láàárín ogójì ènìyàn láti béèrè ibi tí wọ́n ti ń tan nǹkan?

Ọkọ mi kan férémù sí ìwé ẹ̀rí náà. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé. Àwọn tíṣà bi mí pé ṣé kọ̀m̀pútà le, mo ní, "Ó sinmi lórí ọpọlọ ẹni." Ìyá Dúpẹ́ náà bi mí, ó ní kí n fi ohun tí mo kọ́ han òun. Mo dá a lóhùn pé, "Ìyá mi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Kì í ṣe nǹkan àgbàlagbà."

"Ó dáa, ọmọ mi," ló wí, ó sì padà sídìí taipúráítà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i yẹn ṣì ń ta mí títí dòní ju gbogbo ohun tó kù lọ.

Ọjọ́ Ọjọ́rú ni wọ́n gbé kọ̀m̀pútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ dé láti Èkó, ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ sì di ọjọ́ Ẹtì. Mo pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ bàtà wọ yàrá náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe l'Ákùúrẹ́. Àwọn tíṣà bọ́ bàtà. Púrínsípà náà bọ́ bàtà, la bá rí i pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gba inú ìbọ̀sẹ̀ yọ síta. Gbogbo wa gbójú sókè. Mo so àwọn wáyà pọ̀. Wáyà kọ̀ọ̀kan kò lè wọ ihò mìíràn àfi tirẹ̀, nítorí náà orí kó mi yọ níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

"Ẹ tan án ká rí i, Mísíìsì," ni púrínsípà wí.

Mo fara dí ẹ̀rọ náà. "Rárá o, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé ni. Ó gbọ́dọ̀ sinmi di ọ̀la."

Ó mi orí. "Òótọ́ ni. Ọ̀nà yẹn ò dára."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́bọ̀, mo tètè dé, mo ki wáyà bọ ògiri, mo sì wá bọ́tìnnì kiri. Mo rí ọ̀kan lábẹ́ apá tó dà bí tẹlifíṣọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́, iná kékeré kan tàn níbẹ̀. Mo ní háà, Ọlọ́run ṣeun! Mo wá dúró de lẹ́tà aláwọ̀ ewé. Ojú ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo tún tẹ̀ ẹ́ tàn. Púrínsípà wọlé, ẹsẹ̀ lásán.

"Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń gbóná lọ́wọ́ ni, sà."

A jókòó, a ń wò ó bí ẹni tó ń dúró de ẹ̀wà kó jiná. Wákàtí kan kọjá. Púrínsípà gbọ́wọ́ lé e, ó ní òun ò rí i pé ó gbóná. Ni mo bá ní iná tó ń wọlé kò lágbára tó, ó nílò ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró dọ́gba. Púrínsípà ní ọ̀kan nílé, tó so mọ́ fíríìjì. Ó rán Bàbá Ògúnyẹmí, mẹ́sẹ́ńjà wa, pé kó lọ yọ ọ́ wá. A so ó mọ́ kọ̀m̀pútà. Kò sí nǹkan tó yí padà, àfi pé láàárín ọ̀sán, ìyàwó púrínsípà dé pẹ̀lú ike ẹja tó ti ń yọ omi.

"Ta ló ní kí wọ́n yọ iná fíríìjì mi?" ló béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Púrínsípà nawọ́ sí mi. Mo nawọ́ sí kọ̀m̀pútà.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní jẹnẹrétọ̀ nìkan ló máa lè gbé e. Wọ́n lọ yá ti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí. Jẹnẹrétọ̀ náà bú ramúramù, gílóòbù gbogbo yàrá tàn yòò bí ọjọ́ Kérésì, kíláàsì mẹ́ta kò gbọ́ ohun tí tíṣà wọn ń sọ mọ́. Kọ̀m̀pútà kò tilẹ̀ mira.

Bàbá Ògúnyẹmí ti dúró sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀. Ògún ni wọ́n ń bọ nílé wọn, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. "Irin mà ni nǹkan yìí," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ gbé irin tuntun wọlé, ẹ ò wí fún ẹni tó ni irin. Ẹ jẹ́ kí n kàn ta epo díẹ̀ sí i lára."

Díákónì fò dìde. "Epo kẹ̀? Ká má rí i! Àdúrà la máa gbà." Ó gbọ́wọ́ lé orí kọ̀m̀pútà, ó gbàdúrà títí òógùn fi bò ó. Bàbá Ògúnyẹmí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé òun náà ń ṣe tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì parí, gbogbo wa wo ojú ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ náà wò wá.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, ó ku èmi nìkan nínú yàrá. Mo fẹ́ sunkún. Mo yí kọ̀m̀pútà náà padà, mo ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò níbi tí àwọn wáyà wọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: ihò kékeré kan, nǹkan pupa kan wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára. Inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Mo ní ibi tí wọ́n ti ń tan án rèé! Ìka mi kò wọ̀ ọ́. Mo yọ ìkótí kan nínú irun mi, mo fi tì í síhà kejì. Ó dún "kẹ́." Nọ́ńbà mìíràn yọ síta. Mo sáré padà síwájú. Ojú ẹ̀rọ ṣì dúdú. Mo gbàgbé nǹkan pupa náà síbi tí mo tì í sí.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Dúpẹ́ wọlé. "Ọmọ mi, ìwé ìkíni-káàbọ̀ tí a máa pín fún àwọn àlejò lọ́la ńkọ́? Ṣé ẹ̀rọ ti ń tẹ̀ ẹ́?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

Ó wo ẹ̀rọ, ó wò mí. "Àbí ó ní ibi tí wọ́n ti ń tan án, tí ojú ò tíì tó?"

Ẹ wò ó, ìbéèrè tó lè gbà mí là rèé, ẹnìkan gbé e wá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Inú bí mi burúkú-burúkú. "Ìyá mi, ṣé ẹ rò pé n kò mọ nǹkan tí mò ń ṣe ni? Ìwé ẹ̀rí tó wà nílé mi, ṣé ọjà ni mo ti rà á?"

Ó mú ìwé tí púrínsípà fọwọ́ kọ lórí tábìlì mi, ó lọ. Láìpẹ́, mo gbọ́ taipúráítà rẹ̀ ní yàrá kejì, ó ń sáré lọ bí òjò lórí páànù.

Ọjọ́ Ẹtì wá dé. Wọ́n kó ìjókòó kún gbọ̀ngàn, wọ́n gbé kọ̀m̀pútà sórí tábìlì níwájú, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Àwọn olóyè wà níbẹ̀, àwọn òbí wà níbẹ̀, ọ̀gá tó fún wa lẹ́bùn náà ti Èkó dé. Kì í ṣe agbéraga; onírẹ̀lẹ̀ ni, ó ń kí gbogbo ènìyàn, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Wọ́n pín ìwé ìkíni-káàbọ̀. Olóyè kan gbé tirẹ̀ sókè.

"Ẹ wo bí kọ̀m̀pútà ṣe tẹ ìwé mọ́lẹ̀ rèǹtè-rente! Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo! Taipúráítà wo ló lè ṣe èyí?"

Àtẹ́wọ́ sọ. Púrínsípà ní kí n dìde kí wọ́n rí mi. Mo dìde. Mo tilẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀ dúpẹ́. Ìyá Dúpẹ́ jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi pẹ̀lú àwọn tó kù.

Wọ́n wá ṣí aṣọ lójú kọ̀m̀pútà, wọ́n ní kí n tan án kí gbogbo ayé rí i. Mo tẹ bọ́tìnnì iwájú. Iná kékeré tàn, ojú ẹ̀rọ dúdú. Mo tún un tẹ̀. Mo ṣàlàyé fún ìjọ ènìyàn pé ẹ̀rọ yìí a máa tijú ọ̀pọ̀ èrò. Àwọn kan gbà á gbọ́. Ọ̀gá Èkó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Ó jọ pé ẹ kò tíì tan àpótí rẹ̀, mà," ló fi ohùn jẹ́jẹ́ wí, kí àwọn ènìyàn má bàa gbọ́. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ńlá tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn pátápátá. Ṣúwíìṣì kan wà níbẹ̀ tó tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, pupa fòò. N kò rí i láti ọjọ́ mẹ́ta! Ó gbé e sókè.

GBÀÀÙ!

Ìró náà kọ́kọ́ dé, èéfín tẹ̀ lé e, òórùn bí ìgbà tí irun ń jó sì gba gbogbo gbọ̀ngàn. "Uná o! Uná! Ulé ti gbaná!" ni Bàbá Ògúnyẹmí fi ohùn Ìjerò pọ́ńbélé ké. Gbogbo ènìyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ọ̀nà kò gbà wọ́n. Olóyè tó yin ìwé ìkíni-káàbọ̀ gba ojú fèrèsé jáde, pẹ̀lú agbádá rẹ̀, lọ́jọ́ orí rẹ̀ yẹn. Púrínsípà ń kígbe pé kí wọ́n má sá, òun fúnra rẹ̀ sì ń sá. Èmi tí mo lóyún, tí wọ́n ní kí n má gbé nǹkan tó wúwo, ìdí igi máńgòrò tó wà ní òpin pápá ìṣeré ni mo ti bá ara mi, mo sì ń fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mú.

Iná kò sọ. Èéfín nìkan ni. Nígbà tí a padà wọlé, ọ̀gá Èkó dúró níwájú ẹ̀rọ bí ẹni tí òkú kú fún. Ó wá bá mi, ó tẹrí ba.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dárí jì mí. Ìkánjú mi ló fà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n kò fọwọ́ kan ibẹ̀, èmi lọ fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ ara mi ba ẹ̀bùn mi jẹ́."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé ó yẹ. Àmọ́ ohun tó ti ẹnu mi jáde ni, "Kò burú, sà. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa ṣọ́ra lọ́jọ́ mìíràn."

Bí mo ṣe wí nìyẹn, mo sì mi orí lé e.

Láti ọjọ́ náà, òkìkí mi kàn ní Ìjerò. Wọ́n ní ọkùnrin tó ra ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí mo mọ̀. Wọ́n ní ojú mi ti rí i pé yóò bú gbàù, ìdí nìyẹn tí n kò fi tan án. Lójú ọ̀nà ọjà, ìyá kan nawọ́ sí mi fún ọmọ rẹ̀ pé kó kàwé kó lè dà bíi tèmi. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ẹnjiníà. N kò lè jẹun dáadáa, mo ń purọ́ pé oyún ni.

Ọ̀gá Èkó kò gbàgbé wa. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó rán atúnkọ̀m̀pútàṣe kan wá, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé báàgì awọ kékeré. Púrínsípà wà níbẹ̀, Ìyá Dúpẹ́ wà níbẹ̀, Bàbá Ògúnyẹmí dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin náà tú àpótí, ó fimú fa òórùn rẹ̀.

"Ibi tó ń gba iná ló jóná. Ìyókù wà dáadáa. Màá pààrọ̀ rẹ̀." Ó wá yí i padà, ó bẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Háà. Ta ló yí èyí sí márùndínlọ́gọ́fà?"

A sún mọ́ ọn. Nǹkan pupa kékeré ni.

"Iná tiwa níhìn-ín, igba ó lé ọgbọ̀n ni," ló ṣàlàyé. "Ibi tí wọ́n tì í sí yìí, ti ìlú Amẹ́ríkà ni. Ẹni tó tì í ti sọ fún ẹ̀rọ pé omi inú ife ló ń bọ̀, odò ló wá ya wọlé. Ẹ̀rọ yìí dára délẹ̀délẹ̀ nígbà tó dé. Ká ní wọ́n kàn tan án lásán ni, ìbá ti tàn."

"Ṣé ọ̀gá tó ti Èkó wá ló tì í?" ni púrínsípà béèrè.

"Rárá o. Èyí gba sùúrù, ó sì gba nǹkan tín-ín-rín. Irú abẹ́rẹ́, tàbí ìkótí."

Ojú púrínsípà pọ́n. "Mo ti mọ̀! Àwọn ọmọbìnrin fọ́ọ̀mù fáìfù mẹ́ta tó gbálẹ̀ yàrá yìí lọ́jọ́bọ̀ ni. Bàbá Ògúnyẹmí, ẹ lọ pè wọ́n wá. Ẹ bá mi mú pàṣán bọ̀."

Bàbá ti yí ẹ̀yìn padà. Mo rí àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà lójú inú mi, àwọn tó máa ń pọn omi fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n.

"Bàbá, ẹ dúró," ni mo wí. "Èmi ni, sà."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo tì í. Ìkótí mi ni." Nígbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò lè dúró mọ́, gbogbo rẹ̀ tú jáde. Mo sọ ti orí àwọn ènìyàn tí mo ń wò l'Ákùúrẹ́, mo sọ ti kọ̀m̀pútà ojú pátákó, mo sọ pé n kò tan kọ̀m̀pútà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Púrínsípà yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá Èkó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Níwájú gbogbo ìlú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ wá ní kó máa ṣọ́ra lọ́jọ́ mìíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wò mí pẹ́. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ìbínú ni, àfi bí ó ṣe di tábìlì mú tó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bàbá Ògúnyẹmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Ògún mà ti gbọ́ tirẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ó fèsì lọ́nà tirẹ̀ ni. Atúnkọ̀m̀pútàṣe náà ń nu omi ojú. Èmi ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ wọn. Ìyá Dúpẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi.

Lẹ́yìn náà ló fa àga sún mọ́ ọkùnrin náà. "Ọmọ mi, èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀ o, bó ti wù kó kéré tó. Jọ̀wọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń tan án."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Dúpẹ́ ti ń tẹ̀wé lórí kọ̀m̀pútà, kò wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde, lẹ́tà ìtọrọ àforíjì ni, láti ọwọ́ mi sí ọ̀gá Èkó. Èkejì ni èyí tí púrínsípà kọ sí Àkúrẹ́ pé èmi ni kí wọ́n fún ní tiránsífà. Ìyá Dúpẹ́ ló tẹ méjèèjì. Kò ṣi lẹ́tà kan tẹ̀.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé kan ní Odò-Ọwá, kò jìnnà, mo ń ti ilé lọ láràárọ̀. Òpó iná kò tíì dé ilé ìwé náà nígbà yẹn. Ẹni tó bá rò pé Àkúrẹ́ kò mọ àwàdà, kó wá bi mí. Ìyá Dúpẹ́ ní kí n máa wá sọ́dọ̀ òun ní gbogbo Àbámẹ́ta, òun á kọ́ mi ní èyí tí òun mọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó mú kí n tan kọ̀m̀pútà náà kí n sì pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. N kò ráhùn. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí mo sọ sí i. Ó ní òun ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé kò gbàgbé.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. "N kò mọ̀" kì í pa ènìyàn, kì í sì í bú gbàù. Ìṣẹ́jú kan ni ojú fi ń tì ọ́ tí o bá sọ ọ́. Èmi tí n kò sọ ọ́, ó ti ń tì mí láti ọgbọ̀n ọdún.

Níjẹta, lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan gbé fóònù tuntun tí ọmọ rẹ̀ rà fún un wá bá mi, ó ní kò tàn. Mo sọ fún un kíá pé n kò mọ̀ ọ́n, kó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe.

Ó gbá mi lápá. "Ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀, jàre! Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ kọ̀m̀pútà láti ayé Oǹdó Sítéètì! Wọ́n ní ẹ tilẹ̀ kọ́ ọ̀gá kan tó ti Èkó wá lọ́gbọ́n lọ́jọ́sí."

Mo la ẹnu kí n ṣàlàyé. Ẹ̀rín kò jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri ṣọ́ọ̀ṣì mú, ìyá náà sì ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, ó mọ̀ ọ́n. Ìrẹ̀lẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu."